Browning Hi-Power: ìbọn tó dára, tìrígà tó ń ta ni nídìí

Hi-Power bá ọwọ́ mu ju ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ òde òní lọ. Ọta 9 mm 13 ló ń gbà, irin ni gbogbo ara rẹ̀, kì í sì í ta ènìyàn lọ́wọ́. Tìrígà rẹ̀ ni wàhálà: ó le, ó sì ń họ bí ẹni ń fi irin họ yanrìn. Ohun tó ń fa híhọ yìí ni ààbò mágásíìnì (mágásíìnì ni àpótí ọta tó ń wọ inú ìdí ìbọn; ààbò yìí kì í jẹ́ kí ìbọn yìn bí kò bá sí níbẹ̀), èyí tí àwọn ọmọ ogun Faransé béèrè fún kí ìbọn náà tó jáde ní 1935.

Ààbò náà ni irin kékeré kan tó ní sípíríǹgì nínú tìrígà. Iwájú mágásíìnì ló máa ń fara ti irin náà. Bí a bá yọ mágásíìnì, ọ̀pá tí tìrígà fi ń tú òòlù (irin ẹ̀yìn ìbọn tó ń gbá abẹ́rẹ́ kí ọta lè yìn) sílẹ̀ á yẹ̀, kò ní kan ibi tó yẹ. A lè fà á títí, òòlù kò ní já. Irin yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí mágásíìnì jábọ́ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń yọ ọ́.

Òótọ́ ni pé tìrígà á fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọta kan ṣì lè wà nínú àgbá lẹ́yìn tí mágásíìnì ti jáde, ibẹ̀ sì ni jàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń fi fáìlì họ ojú irin tó di òòlù mú, torí kí tìrígà lè túbọ̀ rọ̀, tún ń ṣe èyí tó burú jù: òòlù lè máa tẹ̀lé ìbòrí ìbọn, irin òkè tó ń sún sẹ́yìn sún síwájú, bọ̀ fúnra rẹ̀. Ní ti Mark III, ẹ̀dà Hi-Power tó jáde lẹ́yìn, ó ní ààbò mìíràn tó di abẹ́rẹ́ ìbọn mú. Láìsí i, bí ìbọn bá já lulẹ̀ tó fi ẹnu kọlẹ̀, abẹ́rẹ́ lè sáré lọ gún ìdí ọta. Ẹ má tilẹ̀ ronú kan ìyẹn.

Ní ti òfin Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Láti 2007 ni California ti ní kí ìbọn ìléwọ́ tuntun irú èyí ní ààbò mágásíìnì kí wọ́n tó lè kọ ọ́ sínú ìwé àwọn tó ṣeé tà níbẹ̀. Kódà níbi tí òfin kò ti sọ nǹkan kan, ilé ẹjọ́ ń bẹ. Bí ìbọn bá yìn láìròtẹ́lẹ̀, lọ́yà olùpẹ̀jọ́ á gbé irin tó sọnù náà síwájú àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́, á ní olóhun mọ̀ọ́mọ̀ yọ ohun tí ì bá dáàbò bo ẹni tó fara pa. Ilé iṣẹ́ á sì ní kì í ṣe bí àwọn ṣe tà á nìyí. Àlàyé pé tìrígà ń họ kò lè gbe olóhun níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń ra àlòkù, ẹ rí i dájú pé àgbá ṣófo, ẹ fi ojú wò ó, ẹ fi ìka kàn án. Ẹ yọ mágásíìnì, ẹ fa òòlù sẹ́yìn, ẹ kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò léwu, kí ẹ fa tìrígà. Bí òòlù bá já, ẹnìkan ti tú u. Bí kò bá já, mágásíìnì tó ṣófo ni kí ẹ fi sí i kí ẹ tó sọ òòlù kalẹ̀, kì í ṣe èyí tó kún; àléébù gidi tí ààbò yìí ní nìyẹn.

Mágásíìnì oní-sípíríǹgì nídìí, tó ń ta ara rẹ̀ jáde, wà fún un. Òun ni mo fara mọ́. Ẹni tí tìrígà náà bá ṣì ń bí nínú, kó ra ìbọn tí wọn kò ṣe irú ààbò yìí sí láti ilé iṣẹ́, bíi ìbọn tí wọ́n ń pè ní 1911 tàbí Glock.