"Kò sí ohun tó hù": ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò awọ ara orí fóònù kan

Gbólóhùn kan tí òṣìṣẹ́ wọn tẹ̀ ránṣẹ́ nípa kókó kéékèèké iwájú orí mi ló mú mi jókòó kọ èyí: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Èsì àyẹ̀wò yín ti jáde. Kò sí ohun tó hù, ẹ ò ní yíìsì lára. Irorẹ́ ni. Ẹ máa bá oògùn yín lọ." Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀, èkejì sì burú ju èkíní lọ.

Àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àgbàlagbà tí kò ní yíìsì (ohun alààyè bíńtín bí olú tí ojú lásán kò lè rí) lára. Malassezia, irú yíìsì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, máa ń gbé níbi tí ọ̀rá ti ń jáde jù lára wa: àtàrí, iwájú orí, àyà, ẹ̀yìn. A kì í kó o lára ẹlòmíràn. Wàhálà dé nígbà tó bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú ihò tí irun ti ń hù, tí ihò náà wá ń wú. Èkejì, ọ̀pọ̀ jù lọ irú yíìsì yìí kò lè ṣe ọ̀rá fúnra rẹ̀, ọ̀rá ara wa ló ń jẹ. Bí wọ́n bá gbìn ín sínú abọ́ àyẹ̀wò tí kò ní òróró nínú, kò ní hù, ì báà kún iwájú orí ẹni fọ́fọ́. Ohun tí àwọn wọ̀nyí ṣe gan-an nìyẹn: wọ́n fi òwú nu ojú ara, wọ́n gbé e sínú abọ́ tí wọ́n fi ń wá bakitéríà, wọ́n dúró ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ẹni tó ju ìwọ̀ sódò láìfi ìdẹ sí i kò yẹ kó búra pé odò ò lẹ́ja. Ká tilẹ̀ ní wọ́n da òróró sí i tó sì hù, kí ni ìyẹn fẹ́ fi hàn? Gbogbo wa la ní in. Ìdí nìyẹn tí gbígbìn kì í fi í yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Owó ni mo san fún un.

Ìforúkọsílẹ̀ àti owó sísan rọrùn, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ibi tó ti kọ́kọ́ wọ́ ni fọ́tò. Wọ́n ní ká ya mẹ́ta, ká kọjú sí kámẹ́rà tààrà, ká sì tan iná fóònù. Iná tó bá ti iwájú wá máa ń pa òjìji rẹ́, bẹ́ẹ̀ òjìji ni ojú fi ń dá ohun tó wú mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó tẹ́. Ọ̀pọ̀ fóònù tún máa ń dán ojú ènìyàn fúnra wọn láìbèèrè, gbogbo ihò tó dí á ti pòórá kí fọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ wò ó. Lára awọ dúdú ó tún le sí i, torí pupa tí àwọn ìwé ìlànà ń pariwo kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ohun tí wọ́n máa rí ni kókó kéékèèké tí àwọ̀ wọn bá ti ara mu, tàbí tó dúdú díẹ̀ jù ú lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré lẹ́yìn fọ́tò, èsì dé: irorẹ́ ni, kí n máa fi benzoyl peroxide 5% pa ojú, kí n sì máa lo doxycycline miligíráàmù 100, oògùn apakòkòrò tó ń pa bakitéríà. Fún irorẹ́ gidi, oògùn méjèèjì dára. Ìbéèrè tí wọn ò bi mi ló dùn mí ju oògùn tí wọ́n kọ lọ. Fọ́ọ̀mù wọn béèrè ọjọ́ orí, oyún, àti oògùn tí ara mi kì í gbà. Kò béèrè bóyá ó ń yún mi. Kò béèrè bóyá mo ti lo oògùn apakòkòrò tàbí ìpara tó ní sitẹ́rọ́ọ̀dù (oògùn tó ń mú kí ara tó wú rọlẹ̀) láìpẹ́. Ìlà méjì ni ìbéèrè méjèèjì ì bá gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kí wọ́n wò, torí ẹnikẹ́ni lè wò ó nílé. Irorẹ́ gidi kì í bára dọ́gba. Lójú kan náà, ẹ ó rí ihò tó dí tí nǹkan dúdú tàbí funfun di ẹnu rẹ̀, ẹ ó rí èyí tó wú, èyí tó gbọyún, àti kókó tó rì sínú ara tó ń dunni bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú, àgbọ̀n àti eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló fẹ́ràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń yọ láyà àti lẹ́yìn náà. Èyí tí yíìsì fà dà bí ohun tí wọ́n fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n: mílímítà kan sí méjì ni gbogbo wọn, ìdí irun ni kálukú jókòó sí, òmíràn ní ọyún bíńtín lórí. Iwájú orí títí dé ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, àyà, èjìká, òkè ẹ̀yìn àti òkè apá ni ilé wọn. Wọ́n lè yọ lójijì, kí wọ́n pọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n sì ń yún, pàápàá lẹ́yìn tí ènìyàn bá làágùn.

Nínú gbogbo àmì yìí, ihò tó dí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Irorẹ́ tí kò ní ihò kankan tó dí ṣọ̀wọ́n. Yíyún nìkan kò tó, nítorí irorẹ́ máa ń yún àwọn kan, yíìsì náà kì í sì í yún gbogbo ènìyàn. Ibi tó yọ sí nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ìwọ̀n kan náà, tó ń yún, tí ihò tó dí kò sì sí, ẹ má tíì ra oògùn irorẹ́.

Ẹ tún ṣọ́ àwọn tó jọ ọ́. Ìpara tó ní sitẹ́rọ́ọ̀dù lè mú kókó kéékèèké tó dọ́gba jáde fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè nípa ìpara fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí bakitéríà fà nínú ihò irun sábà máa ń dunni ju kó máa yúnni lọ. Ti ibi tí wọ́n ń fá irùngbọ̀n, irun tó ká padà wọ inú ara ló ń fà á.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta tí kókó náà ti tàn láti iwájú orí dé àyà, mo kọ̀wé padà. Ìdáhùn: "Ẹ ní sùúrù mà, ọ̀sẹ̀ 12 ni." Òótọ́ ni pé irorẹ́ gidi máa ń gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí oògùn tó hàn dáadáa, wọn ò parọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n doxycycline ń pa bakitéríà, kì í pa yíìsì. Bí àwọn tí wọ́n jọ ń gbé bá dín kù, àyè gba yíìsì. Ohun tó tún ń tanni jẹ ni pé doxycycline máa ń mú kí ara tó wú rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́. Kókó tó ń pọ̀ sí i, tó ń dọ́gba sí i, tó sì ń yún sí i lórí oògùn apakòkòrò kì í ṣe ọ̀rọ̀ sùúrù. Mo sọ èyí fún wọn. Àyẹ̀wò gbígbìn yẹn ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Mo ti fẹ́ kọ ìràwọ̀ kan kí n sì máa lọ. Wọ́n wá gbé mi fún obìnrin kan, oníṣègùn awọ ara. Fídíò ló fi pè. "Ẹ kú ìnira mà. Ẹ pa iná fóònù yẹn. Ẹ súnmọ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀. Ẹ fi ìka méjì na awọ iwájú orí." Ó ní kí n pa ìdánjú inú kámẹ́rà, ó sọ ibi tí mo ti máa rí i. Ó ń kà á sókè: ẹyọ kan, èjì, mẹ́wàá, ìwọ̀n kan náà. "Mi ò rí ihò kan ṣoṣo tó dí o. Ṣé ó ń yún yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Bí ẹ bá làágùn ńkọ́?" Mo ní ìgbà yẹn ló le jù. "Ta ló ní kí wọ́n gbìn ín?" Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn tù mí ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Ó ní kí n dá doxycycline dúró, ó sì kọ àyẹ̀wò mìíràn tí èsì rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà.

Àyẹ̀wò yẹn kò ṣòro. Wọ́n á mú kókó kan tí ọyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, wọ́n á fi etí abẹ tí kò mú ha orí rẹ̀, wọ́n á tẹ́ ohun tó jáde sórí gíláàsì, wọ́n á kán KOH (omi kẹ́míkà potassium hydroxide) 10% sí 20% lé e kí ó lè yọ́ awọ dànù, àwọn kan á fi àwọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á wá gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Ohun tí wọ́n ń wá ni yíìsì róbótó kéékèèké tó ń so ọmọ, tó sì pọ̀ gan-an. Pípọ̀ yẹn ni ẹ̀rí, torí mélòó kan lè wà lára ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ha kókó tó ti gbẹ, tàbí tí ènìyàn ti fi oògùn yíìsì pa á láàárọ̀ ọjọ́ náà, èsì lè jáde lófìfo kó sì ṣini lọ́nà. Òun ló sọ ìyẹn fún mi kí n tó lọ, kì í ṣe lẹ́yìn tí mo dé.

Ṣáńpù ketoconazole 2%, oògùn tó ń pa yíìsì, ló kọ fún mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Níbí náà ni inú tún bí mi. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní "ẹ fi fọ̀ ọ́", kò sọ ìṣẹ́jú. Mo béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń dáhùn ìfiránṣẹ́, ó ní kí n fi pa ara sùn. Ẹ má gbọ́ o! Ọṣẹ ni ṣáńpù. Bí ó bá sùn lára, ó lè bó awọ, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ lára aláwọ̀ dúdú. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí: ẹ fi omi rin ara, ẹ bu nǹkan bí mílílítà 5 fún àyà àti ẹ̀yìn, kí ti iwájú orí kéré sí ìyẹn, ẹ pò ó kó hó, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, ẹ wá ṣan án kúrò pátápátá. Ẹ má jẹ́ kó wọ ojú. Lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì bí ara bá gbà á. Bí ó bá ń gbẹ ara jù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ṣan án lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kò tíì lò ó. Ẹni tó bá fọ iwájú orí nìkan tó fi àtàrí àti àyà sílẹ̀ máa padà wá.

Yíyún ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Kókó á máa tẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Àpá dúdú á pẹ́ jù wọ́n lọ nílẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àìsàn mọ́, ẹ má fi oògùn yíìsì lé e kiri. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé tí ohunkóhun kò yí padà, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ yíìsì, tàbí kí ó jẹ́ pé oògùn orí awọ kò dé ìsàlẹ̀ ihò irun. Ní ti ìkejì, dókítà lè kọ fluconazole tàbí itraconazole, oògùn yíìsì tí à ń gbé mì. Kápúsù itraconazole fẹ́ oúnjẹ àti omi kíkan inú ikùn kó tó wọ ara, nítorí náà ẹ má lò ó pọ̀ mọ́ oògùn tó ń pa omi kíkan náà. Àwọn méjèèjì máa ń bá ọ̀pọ̀ oògùn mìíràn jà, ẹ ka gbogbo ohun tí ẹ ń lò fún dókítà. Ketoconazole jíjẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá: ní 2013, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Yúróòpù dámọ̀ràn kí wọ́n dá títà rẹ̀ dúró, ti Amẹ́ríkà náà sì fi ìkìlọ̀ líle lé e, torí ewu ẹ̀dọ̀. Ti ojú awọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá lo ṣáńpù tán tí ẹ wá ń fi òróró ólífì tàbí ti àgbọn pa ara, oúnjẹ ni ẹ gbé síwájú yíìsì yẹn. Fásílíìnì àti squalane (irú ohun ìpara kan) kò ní ọ̀rá tó lè jẹ. Ìpara àdàpọ̀ tó ní oògùn yíìsì àti sitẹ́rọ́ọ̀dù pọ̀ lè pa yíyún ní ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni kókó lè tú jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Irorẹ́ àti ti yíìsì lè wà lára ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ń yún á lọ, ihò tó dí á kù lórí imú àti àgbọ̀n. Ti ìyẹn ni adapalene 0.1%, ìpara tó ń ṣí ihò tó dí, lálẹ́, díẹ̀ bí èso ẹ̀wà kan fún gbogbo ojú, níbẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ 12 ti wúlò. Yíìsì sì máa ń padà, torí kò fi ara sílẹ̀ nígbà kankan: ẹ máa fi ṣáńpù náà fọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti tán.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo ti kọ̀wé ẹ̀ẹ̀mejì pé kí wọ́n yọ èsì gbígbìn yẹn kúrò. Bí mo ṣe ń tẹ èyí, ó ṣì wà lókè fáìlì mi: "kò sí ohun tó hù".