Fítámì D tí mò ń lò l'ásìkò òtútù

Ẹ̀yin ará wa ní London, tí òtútù bá ti dé tí ara yín ń wúwo, ẹ gbọ́ tèmi. Fítámì D tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kan l'ádùúgbò wa ni mò ń lò, 10 microgram lójúmọ́, iye tí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ibí, gan-an sọ nìyẹn, àwa aláwọ̀ dúdú dẹ̀ lè máa lò ó yípo ọdún torí oòrùn ibí ò tó wa. Ó kéré bíi ẹyọ ẹ̀wà, kò rùn rárá, kò jọ ti epo ẹja tí èèyàn á máa gùfẹ̀ ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ó dáa fún eegun, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ó ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, dókítà lẹ máa rí fún ìyẹn. Ohun tó bí mi nínú ni pé ẹni tó ń tajà níbẹ̀ fẹ́ ta St John's Wort, egbòogi tí àwọn kan ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, fún àbúrò mi, kò tiẹ̀ bi í bóyá ó ń lo oògùn kankan, bẹ́ẹ̀ sertraline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ni dókítà kọ fún un, àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ pàdé nínú ara o, ó léwu gan-an! Ẹja Títù àti ẹyin náà ní fítámì yìí, ẹ máa jẹ ẹ́. Màá tún ra fítámì D yìí, àmọ́ níbòmíì.