Ẹ ra hood kẹ́ ẹ tó ra kúkà

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tún kíṣìnì ṣe ní Amẹ́ríkà níbí, tẹ́ ẹ ti ń wo àwọn kúkà olówó ńlá, tẹ́ ẹ̀ ń wo Wolf, tẹ́ ẹ̀ ń wo Viking, tẹ́ ẹ̀ ń wo BlueStar lórí fóònù títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún yín: èéfín ata yẹn, ibo ló máa gbà jáde? Hood, ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé sókè kúkà kó máa fa èéfín jáde, ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Torí mo ti rí àwọn èèyàn wa tó kó owó mọ́tò sórí kúkà, tó wá jẹ́ pé microwave tí wọ́n gbé kọ́ sókè ẹ̀ ni wọ́n gbójú lé pé á bá wọn fa èéfín. Ọ̀pọ̀ nínú nǹkan yẹn kì í fa nǹkan kan lọ síta o, wọn ò so páìpù mọ́ ọn, á kàn gba èéfín lábẹ́, á fi asẹ́ kékeré kan sẹ́ ẹ, á tún tú u jáde lókè, ojú ẹni tó ń dáná gan-an ló sì máa fẹ́ ẹ sí. Eédú inú asẹ́ yẹn lè mú òórùn díẹ̀ kúrò, àmọ́ ooru, ọ̀rinrin, àti ata tó ń ta ni lọ́nà ọ̀fun, kò lè rí wọn ṣe rárá.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ilé tiwa ní Houston náà nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹyin lẹ̀ ń dín lójoojúmọ́ ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ bulíìṣì epo pupa fún ọbẹ̀ ọ̀fàdà kẹ́ ẹ wá wò ó. Epo á wà lórí iná títí pupa ẹ̀ á fi ṣí, èéfín á ti ga dé àjà, álààmù á máa ké, àwọn ọmọ tó wà lókè á máa húkọ́, ẹnì kan á gun àga á máa fi táwẹ̀lì fẹ́ álààmù, tó bá dọjọ́ kejì ẹ wọ kóòtù lọ síbi iṣẹ́, òórùn irú á ti ṣáájú yín wọlé.

Èyí tá a wá rà ni Vent-A-Hood. Àwọn ará Texas níbí ló ń ṣe é, ní Richardson lẹ́bàá Dallas, láti 1933 sì ni ilé iṣẹ́ yẹn ti wà. Ohun tó mú mi nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni pé kò lo asẹ́. Fáànù inú ẹ̀ ń yí kíákíá, yíyí yẹn ló ń fọ́n ọ̀rá inú èéfín sára ilé fáànù, ọ̀rá á lẹ̀ síbẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba páìpù jáde lọ. Tó bá ti dọ̀tí ẹ máa tú ilé fáànù yẹn, ẹ máa kó o sínú ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́, ó parí. Àwọn hood míì tó dáa náà wà tó ń lo asẹ́ onírin tó rí bíi pákó wíńdò, ìyẹn náà ṣeé fọ̀, ó sàn ju asẹ́ oníwáyà wẹ́wẹ́ tí epo máa ń dì pa lọ fíìfíì.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ hood tó ń ṣiṣẹ́, ìkòkò iwájú ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ má wo tẹ̀yìn. Tí mo bá ń dín ata, èéfín ìkòkò iwájú á kọ́kọ́ fẹ́ sá bọ̀ sọ́dọ̀ mi, á wá tẹ̀ padà láàárín ọ̀nà, á wọ abẹ́ hood lọ. Ohun tó fà á ni pé hood wa fẹ̀ ju kúkà lọ, kúkà 30 ínṣì, hood 36, ó sì yọ síwájú dáadáa. Àwọn tó bá ra hood tó fẹ̀ bákan náà pẹ̀lú kúkà, ẹ̀gbẹ́ lèéfín máa gbà sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ sì máa tàn án kí ìkòkò tó gbóná, ẹ má dúró dìgbà tí èéfín bá ti gba ilé.

Owó ẹ̀ dùn wá o, mi ò ní purọ́. Ó tún ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ tí mi ò gbà tán: CFM ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ tí hood ń fà jáde ní ìṣẹ́jú kan, àwọn Vent-A-Hood wá ní 300 tiwọn tó 450 ẹlòmíì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi ṣírò. Báwọn tó ń tà á ṣe ń ṣírò ẹ̀ fún kúkà gáàsì ni pé kẹ́ ẹ ro BTU, ìyẹn agbára iná, ti gbogbo ojú iná pọ̀, kẹ́ ẹ wá pín in sí 100. 60,000 BTU, 600 CFM. Tiwa ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi táwọn kọngílá kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ dé wá nìyí. Òfin ilé kíkọ́ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò sọ pé tí hood bá lè fà ju 400 CFM lọ, tí ẹ̀rọ onígáàsì tó ń lo afẹ́fẹ́ inú ilé, tí èéfín ẹ̀ sì ń gba ihò lásán jáde, bá wà nínú ilé, àfi kẹ́ ẹ ṣe ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ míì á máa gbà wọlé. Ẹ rò ó wò, ẹ ti ti gbogbo wíńdò torí AC, ẹ wá ń fa afẹ́fẹ́ ilé jáde, ibo lẹ fẹ́ kí òmíì gbà wọlé? Ó lè gba ihò èéfín ẹ̀rọ amómigbóná onígáàsì, kó wá máa fa carbon monoxide, gáàsì olóró, padà sínú ilé, kò lóòórùn, ojú oorun ló sì ti ń pa èèyàn. Kọngílá tá a kọ́kọ́ pè ní ká má da ara wa láàmú. A lé e. Ẹni kejì ló lu ihò, tó fi ìlẹ̀kùn kékeré kan sí i tó ń ṣí fúnra ẹ̀ tá a bá ti tan hood. Ẹ wo páìpù náà o: hood ńlá ò lè gba inú páìpù 6 ínṣì mí, 8 tàbí 10 ni, kó má ṣe kọ́rọkọ̀rọ, kó sì yọ síta gan-an, kì í ṣe inú àjà, torí ọ̀rá tó bá kó jọ síbẹ̀, iná ló ń fà.

Kúkà wá ńkọ́? BlueStar ní èyí tí ojú iná ẹ̀ kan ń fún yín ní 25,000 BTU, kúkà ṣákálá kì í sábà ju 18,000 lọ. Tẹ́ ẹ bá ń se jọ̀lọ́ọ̀fù páátì nílé, ẹ máa gbádùn ẹ̀. Àwa ra ṣákálá, irin orí ẹ̀ nípọn, ìkòkò ò yọ̀ tí mo bá ń ro àmàlà, ìyẹn ni mo bá lọ. Induction, kúkà iná mànàmáná tó jẹ́ pé ìkòkò fúnra ẹ̀ ló ń mú gbóná, náà dáa, Miele àti Bosch ń ṣe èyí tó rẹwà, kì í mú ilé gbóná, àmọ́ ìkòkò alumíníọ̀mù tí màmá yín kó wá láti Ìbàdàn ò ní gbóná lórí ẹ̀. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kan ìdí ìkòkò, tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò wúlò níbẹ̀. Orí gíláàsì ló sì máa jókòó sí, ẹ wá máa fi orógùn tẹ àmàlà mọ́ ọn. Èmi ò lè wo ìyẹn.

Ọkọ mi fẹ́ fíríìjì Sub-Zero torí pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fíríìjì àti ti fìrísà ẹ̀ dá wà, òórùn ẹja gbígbẹ ò ní wọnú yìnyín. Òótọ́ ni, ó dáa. Mo ní kó lọ wo iye ẹ̀ kó padà wá. Fìrísà gbọọrọ la gbé sí gáréèjì, odidi ewúrẹ́ kan wà níbẹ̀ báyìí.