Git: irinṣẹ́ tí kì í dúró de íntánẹ́ẹ̀tì

Nínú gbogbo irinṣẹ́ tí mo fi ń kọ kóòdù, Git, tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí mo bá ṣe sí fáìlì mi, ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún níbikíbi. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: gbogbo ìtàn iṣẹ́ mi, látìbẹ̀rẹ̀ dé òní, orí kọ̀ǹpútà mi ló wà.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí iná ti ń lọ láìdágbére, tí dátà sì wọ́n bí ojú, á mọ ohun tí mò ń wí. Bí mo bá tẹ git commit, àṣẹ tó ń fi iṣẹ́ pamọ́ bó ṣe wà lásìkò náà, kò ní bi mí bóyá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà. Á tọ́jú iṣẹ́ náà sínú fódà .git tó fara pamọ́, ó parí. Mo lè fi git log wo ohun tí mo ṣe lóṣù tó kọjá, kí n fi git diff wo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, kí n ya ẹ̀ka tuntun, ìyẹn ọ̀nà ọ̀tọ̀ tí mo ti lè dán nǹkan wò, lórí bátìrì lásán. Ìgbà tí mo bá tan họ́tísípọ́ọ̀tù fóònù mi tí mo ní git push láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí sáfà, ohun tó jẹ́ tuntun nìkan ló máa fi ránṣẹ́, á sì ti fún un pọ̀. Dátà tó ń jẹ kì í tó nǹkan.

Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sílẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Git ní oṣù kẹrin ọdún 2005, nígbà tí wọ́n gba BitKeeper, irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn Linux ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, kúrò lọ́wọ́ wọn. Kò pẹ́ tó fi fà á lé Junio Hamano lọ́wọ́. Nítorí pé ibi káàkiri ayé làwọn tó ń kọ Linux wà, Git jẹ́ kí olúkúlùkù ní odidi ẹ̀dà tirẹ̀. Àǹfààní yẹn gan-an ni àwa náà ń jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, git reflog ni mo tún gbóṣùbà fún. Àbúrò kan níbi iṣẹ́ wa pe git reset --hard, tó ń dá iṣẹ́ padà sẹ́yìn, lórí iṣẹ́ tó ti fi commit pamọ́, ó bá sáré wá bá mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí, gbogbo ẹ̀ ti lọ.” Mo ní kó tẹ git reflog. Gbogbo ibi tí HEAD, àmì ibi tí èèyàn wà nínú ìtàn iṣẹ́, ti dé ló tò sílẹ̀ níbẹ̀, títí kan commit tó rò pé ó ti ṣègbé. A mú nọ́ńbà rẹ̀, a fi ya ẹ̀ka tuntun, iṣẹ́ padà pé pérépéré. Bí ẹnikẹ́ni ò bá yí ètò padà, ọgbọ̀n ọjọ́ ni Git fi ń tọ́jú irú àkọsílẹ̀ tó ti já kúrò lórí ẹ̀ka bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kò bá tíì fi commit pamọ́ ni kò lè gbà là.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá. Ẹ fi ẹ̀kọ́.txt sínú iṣẹ́ yín kí ẹ tẹ git status, tó ń sọ fáìlì tó yí padà: \341\272\271 ni ẹ máa rí níbi tó yẹ kí ẹ ti rí lẹ́tà ẹ. Inú máa ń bí mi sí i. Oògùn rẹ̀ ni git config --global core.quotepath false, ṣùgbọ́n ó yẹ kó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀.

Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni pé kíbọọ̀dù kan á tẹ ọ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, òmíràn á tẹ o, á wá fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Git á fi ìlà kan hàn ní pupa àti ní àwọ̀ ewé bí ẹni pé ó ti yí padà, ẹ ò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan. Git kò jẹ̀bi o, nítorí ohun tó wà nínú fáìlì ló ń sọ. A kọ pre-commit kan níbi iṣẹ́, ètò kékeré tó ń sọ gbogbo lẹ́tà di NFC, ìyẹn ọ̀nà tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí commit tó wọlé, ariwo náà sì rọlẹ̀.

Àwọn àṣẹ Git ṣì ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ láàmú. git checkout ni wọ́n fi ń bọ́ sí ẹ̀ka mìíràn, òun náà ni wọ́n tún fi ń pa àtúnṣe inú fáìlì rẹ́. Ẹ̀dà 2.23, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ló mú switch àti restore wá, àwọn ni mo sì fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ báyìí.

Ẹjọ́ tí mo ní gan-an, ti git clone, àṣẹ tó ń gbé odidi iṣẹ́ wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já lójú ọ̀nà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ló tún máa bẹ̀rẹ̀, dátà tó ti jẹ ti gbé. Nítorí náà, bí iṣẹ́ náà bá tóbi, git clone --depth 1 ni mo máa ń pè, kó gbé ẹ̀dà tòní nìkan wá kí n lè máa bá iṣẹ́ lọ. Tí mo bá wá ra dátà òru, tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fúyẹ́, mo máa fi git fetch --unshallow kó ìyókù.