Òru mọ́kànlá létí omi Five Cowries: àgbéyẹ̀wò jẹ́tì kan àti owó ìsokọ̀ rẹ̀

Láti oṣù kẹwàá tó kọjá, òru mọ́kànlá ni mo ti so ọkọ̀ mi mọ́ jẹ́tì aládàáni kan létí omi Five Cowries, ní ìhà Ìkòyí l'Ékòó. Òru mẹ́wàá ni mo sanwó rẹ̀ lásìkò. Òru kan ni mo jẹ ní gbèsè, òru yẹn ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Mi ò ní dárúkọ jẹ́tì náà, torí ohun kan wà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, mo sì ti sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọkọ̀ tí mo ní, kí ẹ lè fi wé tiyín. Ọkọ̀ onígbòkun kékeré ni, fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, ẹsẹ̀ bàtà 22 ni gígùn rẹ̀. Ìgbòkun méjì ló ní, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kékeré kan ní ìdí fún ìgbà tí atẹ́gùn bá kú. Ìkòròdú ni mò ń gbé. Bí mo bá ráyè ní Sátidé, èmi àti àbúrò mi a gbéra láti ẹ̀gbẹ́ Ìpakodo, a ó la ọ̀sà kọjá, a ó fi Banana Island sápá ọ̀tún, a ó sì wọ Five Cowries láti ìhà ìlà-oòrùn. Kí a tó dé abẹ́ afárá Lekki sí Ìkòyí, èyí tí wọ́n ṣí ní 2013, a ó ti dá òpó ìgbòkun dùbúlẹ̀, a ó sì ti tan ẹ́ńjìnnì. Ọbaléńdé ni màmá mi ń gbé. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń sùn, ọkọ̀ á sì sùn sójú omi.

Kò sí bí mo ṣe lè padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Òfin ò gba kí ọkọ̀ èrò máa rìn lóru lójú omi Èkó, èmi tí mi ò gbé èrò náà kì í dán an wò. Gẹdú tó ń léfòó, àwọ̀n apẹja, ewéko tó bo ojú omi lásìkò òjò, kò sí èyí tí ojú ń rí lókùnkùn. Ẹni tó bá ti wọ Ìkòyí, tí ilẹ̀ sì ti fẹ́ ṣú, àfi kó wá ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ máa sùn.

Àwọn àgbà Èkó máa ń sọ pé owó ẹyọ márùn-ún ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ sọdá omi yìí láyé àtijọ́, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Iye tí wọ́n ń san fún ọlọ́kọ̀ ni omi yìí ń jẹ́ títí dòní.

Ní jẹ́tì tí mò ń sọ, 300 náírà ni wọ́n ń gbà lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ di aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Tèmi jẹ́ 6,600 náírà. Kì í ṣe owó kékeré. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé òpó igi àti táyà ògbólógbòó lásán ni èèyàn ń sanwó lé lórí níbẹ̀. Àwọn òpó náà dúró gbọn-in, mo ti fi gbogbo ara fà wọ́n wò. Omi ẹ̀rọ wà, ilé ìyàgbẹ́ mọ́, iná jẹnẹrétọ̀ ń tàn títí di aago méjìlá òru. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀nyí ni mò ń sanwó fún.

Ní òru àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ mi sùn síbẹ̀, ìgbà tí omi kún dé òkè la dé, mo sì so okùn le pinpin. Mi ò rò ó pé omi ibẹ̀ ń fà, ó ń kún, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, torí òkun ò jìnnà. Ọkọ̀ tí wọ́n bá so báyìí, tí omi bá fà, okùn á gbé e kọ́ bí ẹran tí wọ́n so rọ̀. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, ọkọ̀ mi wà jẹ́jẹ́ lórí omi, ẹnì kan ti tú okùn mi, ó ti tún un so, kókó tó ta kì í ṣe èyí tí mo mọ̀ ọ́n ta. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ ni, bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, tí omi kò ṣàjèjì sí. Aago méjì òru ni wọ́n dìde tú u. Wọn ò sọ fún mi, àfi ìgbà tí mo béèrè. Ẹni tó bá sì ní ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ l'Ékòó mọ̀ pé òun ni olè kọ́kọ́ ń wò. Láti ìgbà tí mo ti ń so ọkọ̀ síbẹ̀, nọ́ọ̀tì kan ò sọnù lára tèmi.

Òru tí mo jẹ ní gbèsè nìyí. Ìparí oṣù kọkànlá ni. Atẹ́gùn kú mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́bàá Banana Island, a ò sì dé jẹ́tì títí aago mẹ́fà ààbọ̀ fi kọjá. Obìnrin tó ń gbowó, Àǹtí ni gbogbo wa ń pè wọ́n, ti lọ sílé. Fún irú àwa tó bá pẹ́ dé, wọ́n kan kóló onígi kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ géètì, wọ́n fi àgádágodo tì í, àpò ìwé wà lórí rẹ̀: kọ orúkọ ọkọ̀ àti gígùn rẹ̀, fi owó sínú, jù ú sí i. Mi ò ní owó pépà lọ́wọ́. Mo sọ fún ara mi pé màá san án láàárọ̀.

Láàárọ̀, omi ń wọlé láti ẹnu èbúté, èyí tó túmọ̀ sí pé yóò tì wá lọ sọ́nà ọ̀sà láìlo epo púpọ̀. Bí a bá dúró de Àǹtí títí aago méje, kò ní pẹ́ tí omi á fi yí padà. A lọ ní aago mẹ́fà. Bàbá ọlọ́dẹ fúnra wọn ló bá wa tú okùn, wọ́n fi ẹsẹ̀ ti imú ọkọ̀ kúrò lára táyà, wọ́n ní, "Ọlọ́run á sìn yín délé o." Wọn ò béèrè owó. Èmi náà ò dárúkọ owó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó tún lọ. Mo mú 13,200 náírà dání, ti òru tó kọjá àti ti òru tó ń bọ̀. Àǹtí ṣí ìwé. Mo rí ọkọ̀ mi níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ọkọ̀ funfun, ìlà búlúù, ẹsẹ̀ 22. Kò san." Níwájú rẹ̀, báírò pupa ni wọ́n fi kọ: "A ti yọ ọ́." Mo béèrè ohun tí wọ́n yọ. Àǹtí kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣàlàyé pé ní ìparí oṣù, ẹni tó ni jẹ́tì máa ń ka iye ọkọ̀ tó sùn, á ka owó, èyí tí kò bá sì wọlé, owó oṣù ọlọ́dẹ ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Bàbá tó tú okùn mi, tó gbàdúrà fún mi, ló ti bá mi san 6,600 náírà.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó. Mo bẹ Àǹtí pé kí wọ́n dá owó náà padà fún Bàbá. Wọ́n ní owó tó bá ti wọ àpótí, àwọn ò láṣẹ lórí rẹ̀ mọ́. Mo san 13,200 náírà náà, mo gba rìsíìtì, mo jáde lọ wá ẹni tó ń ṣe POS lójú títì, mo gba 6,600 míì, mo sì mú un lọ fún Bàbá. Wọn ò kọ́kọ́ gbà á. "Ẹ ti sanwó yín, ọ̀gá mi, ọ̀rọ̀ ti tán." Mo ní kò tíì tán, pé owó àwọn gan-an ló wà lọ́wọ́ mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó na ọwọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ròyìn rẹ̀ fún màmá mi. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé ní Ìjẹ̀bú, lójú ọ̀nà oko, ọsàn á wà nílẹ̀ ní òkìtì òkìtì, òkúta wẹ́wẹ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iye òkúta yẹn ni iye owó. Olọ́jà ti lọ sóko. Ẹni tó bá gbé ọsàn á fi owó sílẹ̀, á máa bá tirẹ̀ lọ. Mo bi wọ́n pé bí ẹnì kan bá gbé e láì fowó sílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní, "Ẹni tó gbin ọsàn ló gbé e lọ́wọ́ yẹn. Ṣé ilẹ̀ ló ni ọsàn ni?"

Mo pe ẹni tó ni jẹ́tì lórí fóònù. Ó gbọ́ mi dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní bí òun ò bá yọ ọ́, ọlọ́dẹ lè máa gba owó sápò, kó máa jẹ́ kí ọkọ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ rí níbòmíì. Síbẹ̀, kò dára kí àgbàlagbà máa fi owó oṣù rẹ̀ dúró fún ìwà àwa tí a ní ọkọ̀. Mo ní kó kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára pátákó géètì, kí ẹni tí kò ní owó pépà má baà ní àwáwí, kó sì dáwọ́ yíyọ owó náà dúró. Èyí àkọ́kọ́ ti di ṣíṣe, wọ́n ti fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà. Èkejì, mi ò tíì rí i.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wo bí àwa oníbàárà ṣe ń hùwà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń bu gígùn ọkọ̀ wọn kù. Àǹtí kì í mú téèpù rìn, ohun tí o bá sọ ni wọ́n ń kọ. Mo gbọ́ tí ọkùnrin kan pe ọkọ̀ tó gùn ju tèmi lọ ní 18. Ohun tó bá gba àyè lára jẹ́tì ni gígùn ọkọ̀, láti orí igi tó yọ síwájú imú títí dé ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo fi téèpù wọn tèmi, 22 ló jẹ́ lóòótọ́.

Àwọn kan á so ọkọ̀ wọn mọ́ ara ọkọ̀ ẹlòmíì, wọ́n á ní àwọn ò so mọ́ jẹ́tì, nítorí náà àwọn ò jẹ owó. Òpó kan náà ló ń gbé ọkọ̀ méjèèjì dúró, ọlọ́dẹ kan náà ló sì ń ṣọ́ wọn. Bí ààyè ò bá sí, tó di dandan kí o so mọ́ ara tèmi, mi ò ní kọ̀, ṣùgbọ́n ké sí mi kí o tó fara kàn mí. Fi táyà sáàárín. Na okùn tìrẹ dé orí jẹ́tì, má fi gbogbo ìwúwo ọkọ̀ rẹ lé okùn mi. Bí o bá fẹ́ kọjá sí orí ilẹ̀, iwájú ọkọ̀ mi ni kí o gbà, má gba àárín ibi tí èèyàn ń sùn. Kí o sì di okùn ìgbòkun rẹ kúrò lára òpó ìgbòkun kó tó di alẹ́. Bí atẹ́gùn bá dé lóru, kò sí ẹni tó lè sùn nídìí okùn tó ń na irin.

Mo tún rí àwọn ọ̀dọ́ kan nínú ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 30, tí wọ́n na 2,000 náírà sí Bàbá pé kí wọ́n má kọ ọ́ sínú ìwé. Owó òru wọn jẹ́ 9,000. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń ṣe Bàbá lóore ni, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá gbọ́, 9,000 náírà ni wọ́n máa yọ. Bàbá dá owó náà padà fún wọn, wọ́n mú ìwé, wọ́n kọ ọ́.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó bá sùn sójú omi ló jẹ gbèsè o. Ẹni tó ju ìdákọ̀ró, tó kúrò lójú ọ̀nà ọkọ̀ èrò, tó gbé iná kọ́ kí wọ́n lè rí i, tó sì sùn sínú ọkọ̀ rẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wa àjẹ̀ wá pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, tó sì lo ilé ìyàgbẹ́, ó yẹ kó béèrè iye tó jẹ́. Mo bi Àǹtí, wọn ò ní iye kan fún un tẹ́lẹ̀. Wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n ní 1,000 náírà á tó.

Nínú máàkì márùn-ún, mo fún òpó, omi àti ìmọ́tótó ní mẹ́rin. Ọlọ́dẹ gba márùn-ún. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣètò owó gba méjì, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi dáwọ́ yíyọ owó Bàbá dúró.

Mo ṣì ń lọ. Ní Sátidé tó kọjá, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la dé. Mo fi 6,600 ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó wà lára pátákó kí n tó kó ẹrù sílẹ̀, mo sì mú fóònù lọ fi han Bàbá. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ka iye náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ṣí ìwé, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú ọkọ̀ mi: "Ó ti san."