R fún ẹni tó ń kọ́ sítátísíìkì: ohun tí mo rí níbẹ̀

Bí p-value (bó ṣe ṣeé ṣe tó láti rí ìyàtọ̀ tó tó èyí tí a rí, tàbí tó jù ú lọ, bí kò bá sí ìyàtọ̀ gidi) àti àṣìṣe oríṣi kìíní pẹ̀lú oríṣi kejì bá ṣì ń rú ọ lójú, R, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò sítátísíìkì, ni mo máa ní kí o gbé sórí kọ̀ǹpútà rẹ. Ọ̀fẹ́ ni. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló ṣe é ní Yunifásítì Auckland, ní New Zealand, ẹ̀dà 1.0.0 rẹ̀ jáde lọ́dún 2000. Tó bá ti wọlé tán, o lè lò ó láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ náà sì lè gbé e.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ìwọ fúnra rẹ lo máa pinnu ohun tó jẹ́ òótọ́. Nínú ìwádìí gidi, a kì í mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ wà láàárín ọ̀wọ́ méjì, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àṣìṣe fi máa ń dà bí àlọ́. Nínú R, o lè ṣẹ̀dá ọ̀wọ́ méjì tí kò yàtọ̀ síra rárá, kí o sì ní kó dán wọn wò nígbà 1000 (rnorm(20) ń ṣẹ̀dá nọ́ńbà 20 láti inú ọ̀wọ́ tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 0, t.test ló ń fi méjèèjì wéra):

replicate(1000, t.test(rnorm(20), rnorm(20))$p.value)

Ka àwọn p-value tó wà lábẹ́ 0.05, ààlà tí a sábà máa ń lò láti sọ pé ìyàtọ̀ wà. Wọ́n máa tó nǹkan bí 50. Gbogbo wọn ló ń sọ pé ìyàtọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ kò sí. Àṣìṣe oríṣi kìíní gan-an nìyẹn.

Wá yí rnorm kejì sí rnorm(20, 0.5), kí ìpíndọ́gba rẹ̀ lè di 0.5. Ìyàtọ̀ ti wà báyìí, síbẹ̀ nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta péré ni ìdánwò náà máa rí i. Ìyókù jẹ́ àṣìṣe oríṣi kejì. Sọ 20 méjèèjì di 64, á máa rí i ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú márùn-ún. Ibí yìí ló ti yé mi yékéyéké pé “a kò rí ìyàtọ̀” kì í ṣe “kò sí ìyàtọ̀”.

Ohun tí R kò lè bá ọ ṣe ni kó mọ̀ bóyá o ṣa àwọn ènìyàn rẹ dáadáa. Lọ́dún 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà gba èsì tó ju mílíọ̀nù méjì lọ, ó ní Landon ló máa wọlé nínú ìbò ààrẹ. Roosevelt ló wọlé, ní ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Inú orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti mọ́tò ni wọ́n ti ṣa ọ̀pọ̀ ènìyàn wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ tálákà kò ní ìkankan. Fún R nírú dátà bẹ́ẹ̀, á ṣírò rẹ̀ láìjanpata, p-value á sì kéré. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ ló lè kọ́ ọ ní apá yẹn.

Títẹ̀ ni gbogbo àṣẹ, lẹ́tà ńlá àti kékeré kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí kò fẹ́ ju kó ṣírò ẹyọ kan sínú prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ, Excel ti tó o.