Kanopy: sinimá ọ̀fẹ́ tí láíbìrì ti sanwó rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ yọ káàdì láíbìrì yín jáde. Tí láíbìrì yín bá ti bá Kanopy, ìkànnì tí wọ́n ti ń wo sinimá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣe àdéhùn, nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì yẹn lẹ ó fi wọlé, ẹ ò ní san kọ́bọ̀, ìpolówó kankan ò sì ní já lu eré.

Ohun tó mú mi níbẹ̀ ni àwọn fíìmù ìtàn gidi àti sinimá ilẹ̀ òkèèrè. Etí màmá mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́, wọ́n sì máa ń ní, "Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa hàn nísàlẹ̀." Mo bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n bá rọra wọ gíláàsì wọn, ó di kí n panu mọ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù tí wọ́n ń fúnni láti fi wo fíìmù nìkan ló ń dùn mí. Èyí tẹ́ ò bá lò, tí oṣù bá ti parí, ó lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó nídìí: ohun tí àwa ń wò ni láíbìrì ń sanwó fún. Lọ́dún 2019, owó yìí ló mú kí àwọn láíbìrì ìjọba nílùú New York jáwọ́ ńbẹ̀. Torí náà, ẹ máa wo iye tíkẹ́ẹ̀tì tí fíìmù máa gbà kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Tí láíbìrì yín ò bá ní Kanopy, ẹ bi wọ́n léèrè hoopla, ìkànnì mìíràn tó jọ ọ́.